Táyà Tí Yóò Gbé Ọkọ̀ Eré Dé Osi

Àbúrò mi ọkùnrin ní ọkọ̀ kan tí mo kọ́kọ́ kórìíra kí n tó wá fẹ́ràn rẹ̀. Abuja ló ń gbé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, òun sì ni àbíkẹ́yìn ìyá wa. Nígbà tó pé ọmọ ogójì ọdún, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́lé, òun ta jíìpù rẹ̀, ó fi ra ọkọ̀ eré onílẹ̀kùn méjì, aláwọ̀ eérú, tó kúrú débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ó ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní agbára ẹṣin tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá wa, ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ẹṣin ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Lí inú gbogbo wọn, ọ̀kan ò mọ ọ̀nà ulé?"

Èmi ni àkọ́bí. Ilé-ìwé gírámà kan ní Ìlọ́fà ni mo ti ń kọ́ni, ibẹ̀ ni mo sì ń gbé láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n alẹ́ Jímọ̀ kì í lẹ́ bá mi níbẹ̀. Osi ni mo máa ń lọ, sọ́dọ̀ ìyá wa, ẹni tó ti kọjá ọgọ́rin ọdún tí kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni mú òun lọ sí ìlú ńlá. Ó ní níbi tí òun bá ti jí tí òun kò gbóhùn ewúrẹ́, òun kì í mọ̀ bóyá òun ti jí lóòótọ́. Bàbá wa ti lọ. Awakọ̀ ni nígbà ayé rẹ̀, iṣu ló ń kó láti àwọn ìlú Òpin lọ sí Ìlọrin, lọ́dọ̀ rẹ̀ ni èmi àti àbúrò mi sì ti kọ́ ọ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ là ń wò kí a tó wo ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èmi ni àbúrò mi máa ń bá sọ ọ̀rọ̀ táyà. Ọ̀rọ̀ náà ti sú ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ní tó bá tún dárúkọ táyà nídìí oúnjẹ, òun á gbé abọ́ òun wọ yàrá lọ.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọkọ̀ yẹn ti wá sílé rí. Àbúrò ìyá wa kan ló kú ní Ìsólò-Òpin, òkú àgbà ni, gbogbo ọmọ tó wà lókèèrè ló sì bọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọdún àti òkú ló ń mú ọmọ wálé. Ilé tó ti wà ní títì láti oṣù dé oṣù, tí a bá rí i tí fèrèsé rẹ̀ ṣí lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọdún, a ó ti máa fetí sílẹ̀ fún ẹkún. Bí a ṣe ń gbé nìyẹn, a kò sì kà á sí nǹkan kan.

Táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà nígbà yẹn, irú èyí tí àwọn tó ń sáré ìje ń lò ni. Ó fẹ̀, ó rọ̀, eyín rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tẹ́ pẹlẹbẹ débi pé ríìmù fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kan ilẹ̀. Tó bá gbóná lórí ọ̀dà tó dán, ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ títì. Ọ̀nà tiwa kì í ṣe ọ̀dà tó dán. Ó kù díẹ̀ kí àbúrò mi wọ Ìsólò, ó kó sí kòtò kan tí gbogbo ọlọ́kadà àgbègbè náà mọ̀, tí wọ́n sì máa ń yà fún bí ẹní yà fún ọba. Ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú bẹ́, ríìmù sì tẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gbé táyà àfikún. A wá irú rẹ̀ ní Òmù-Àrán, a wá a dé Ìlọrin, àwọn tó ń ta táyà kàn ń fi wá rẹ́rìn-ín ni. Lọ́rọ̀ kan, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó iṣu lọ sí Abuja ló gbé ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, àti òun àti iṣu, wọ́n jọ lọ. Àbúrò mi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ tòun ti aṣọ ìsìnkú lọ́rùn, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyá wa ò rẹ́rìn-ín rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò wálé mọ́. Ọdún iṣu tuntun dé, ó lọ. Kérésì dé, ó lọ. Ó ń pè, ó ń fi nǹkan ránṣẹ́, kò sí ohun tí ìyá wa nílò tí kò ṣe, àfi kó yọjú. Tí mo bá ní kó wọ mọ́tò èrò, á ní iṣẹ́ kò fún òun láyè, á tún ní gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà ṣe rí láyé ìsinsìnyí. Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí mo pọ̀n. Ojú ló ń tì í. Ó gbé ohun iyì rẹ̀ wálé, kòtò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo ìdílé, iṣu sì tún bá a kẹ́gbẹ́ padà.

Ìyá wa kì í ṣàròyé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan tí a jọ ń ká aṣọ, ó sọ ọ́ bí ẹní ń sọ̀rọ̀ òjò pé òun ti wo ìdílé wa yíká, àgbà tó kù tí òkú rẹ̀ lè mú ọmọ òun wálé, òun nìkan ni. Ó rẹ́rìn-ín sí i. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ó sì bí mi nínú sí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Nígbà tó yá, táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà jẹ tán, ó kan kó ra mẹ́rin tuntun. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ohùn gígùn gígùn bí ìwàásù. Mo máa ń gbọ́ ọ bí mo bá ń se ọbẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ọkọ̀ òun fi ń rìn, pé gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì yẹn, ibi tí táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti kan ilẹ̀ nìkan ló ń gbà jáde, ibẹ̀ kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ èèyàn mélòó kan lọ. Tí táyà kò bá di ilẹ̀ mú dáadáa, téèyàn bá tẹná díẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ ṣíwájú orí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ táyà kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Èmi náà fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta táyà tòkunbọ̀ ní Òmù-Àrán, mo rí ọ̀kan tó fẹ̀ bó ṣe wí, eyín rẹ̀ pọ̀, ó jinlẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ló kún fún gígé wẹ́wẹ́. Mo wo nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ ọdún tí wọ́n ṣe é, kò tíì pẹ́. Inú mi dùn, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́, mo ní kó máa dúpẹ́ pé òun ní ẹ̀gbọ́n. Ó pè mí lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, táyà yìnyín lẹ rí yẹn. Àwọn Òyìnbó ló ń lò ó nígbà òtútù."

"Ṣé kò ní eyín ni?"

"Ó ní in. Àmọ́ tí oòrùn Abuja bá pa á, tí ẹṣin ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ńṣe ló máa yọ́ bí òrí. Ẹ ti fẹ́ ra bùláńkẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó ń làágùn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì jẹ́ kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìgbà tó máa fi di ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ti ṣa àwọn táyà náà, ó ku oríṣi mẹ́ta. Èmi àti ìyá wa jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ní Osi, à ń pa ẹ̀gúsí, mo sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa dún láti inú fóònù. Ó ní èkínní ni táyà eré ìje, irú ti tẹ́lẹ̀, òun lòun fẹ́ràn jù, òun làwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ máa ń kóra jọ lọ́jọ́ Sunday lórí títì ńlá Abuja ń lò. Èkejì jẹ́ ti títì lásán, ó ní eyín tó lè fọ́n omi òjò dànù, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì tẹ́. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti òjò ti ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga, ó lè fara da kòtò. Àmọ́ ó máa gba pé kóun pààrọ̀ ríìmù sí èyí tó kéré díẹ̀, ríìmù ọ̀hún kò sì gbọdọ̀ kéré jù, nítorí bíréèkì ọkọ̀ náà tóbi, ó ní láti ráyè nínú rẹ̀. Ó tún ní tóun bá fi ẹ̀kẹta sí i, ọkọ̀ á máa fi ìlọ́ra gba kọ́nà, kò ní yá mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kóun padà sí èkínní.

Mo rò pé ìyá wa kò fetí sí i. Ó da ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sínú igbá.

"Ẹ̀kẹta yẹn, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga, ṣé ó lè dé ibí?"

"Ó lè dé ibí, Ìyá."

"Kòtò Ìsólò ńkọ́?"

"Tó bá rọra wọ̀ ọ́, á jáde."

"Kí ni ó wá ń bá a ṣe ẹjọ́ sí?" Ó nu ọwọ́ sára aṣọ. "Gbé fóònù ùn wá s'ẹ́nu mi."

Mo gbé e súnmọ́ ọn, mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó lè gba ohùn rẹ̀. Ìyá wa kì í sọ̀rọ̀ sínú fóònù, ńṣe ló máa ń ké sí i bí ẹni tó wà lódì kejì odò. Lọ́jọ́ yẹn, kò ké rárá.

"Ọkọ mi, ìyá rẹ ni o. Mo gbọ́ ẹjọ́ táyà rẹ. Èmi ò mọ táyà. Lí ujọ́sí, òkú ló mú ọ wá ulé, ó dáa, ẹni uyì ló lọ. Àmọ́ mo fẹ́ kí ọ wá lí ujọ́ tí ẹnìkan ò kú. Kí ọ wá jẹ uyán lọ́wọ́ mi, kí ọ sì padà sí uṣẹ́ rẹ. Táyà tó bá lè ṣe ìyẹn, òun ni kí ọ rà. O ṣeun, ọmọ mi."

Ó padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀. Èmi ni mo ń wá ibi tí màá gbé ojú mi sí.

Ní ọjọ́ kejì, àbúrò mi kò pe ìyá, èmi ló pè. Ó ní èmi ni mo kọ́ ọ̀rọ̀ sí Ìyá lẹ́nu. Inú mi ti kún tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò kì í ṣe ẹni tó ń gbé ìbínú mì. Mo ní ìyá rẹ kò ní eyín púpọ̀ lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì wọ́n ọn lẹ́nu. Mo ní ṣé torí kọ́nà Abuja ni wọ́n ṣe bí i sáyé. Ó ní bóyá kóun kúkú ta ọkọ̀ náà kí gbogbo ayé sinmi.

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́," mo ní. "Ta ló ní kó o tà á? Fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ. Bàbá wa fẹ́ràn tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń sọ̀rọ̀ sí i kó tó gun òkè."

"Tó bá tún dá sílẹ̀ lójú ọ̀nà ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi? Tí wọ́n tún fi ọkọ̀ iṣu gbé mi lọ níṣojú gbogbo ìlú?"

Ohùn rẹ̀ rí bí ìgbà tó wà lọ́mọdé. Ìbínú mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo ní, "Àwa kọ́ là ń retí ọkọ̀, ọmọ ìyá mi. Ìwọ là ń retí. Àjò kì í dùn kí onílé má relé."

Ó ní kí n kí Ìyá, ó sì pa fóònù. Láti ọjọ́ yẹn, kò sọ ọ̀rọ̀ táyà sí mi mọ́. Tó bá pè, iṣẹ́ àti àwọn ọmọ ló máa ń sọ. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́, pé ó ti ra ti eré ìje, kò sì fẹ́ kí n mọ̀. Ìyá wa ṣì ń gbá yàrá àbúrò mi dè é.

Ọjọ́rú lásán ni, òjò ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kò sí ọdún kankan nítòsí, mo sì wà ní kíláàsì ní Ìlọ́fà nígbà tí fóònù mi dún. Alájà ló ń pè, ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa ní Osi. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó, wọn kì í sábà wálé, òun àti ìyá wa ló sì máa ń wo ara wọn.

"Tíṣà, àbúrò rẹ ti dé láti Abuja. Máa bọ̀ lí ulé."

"Kí ló dé, Alájà?"

"Máa bọ̀ ná."

"Ìyá mi ńkọ́?"

"Ìyá wà," ó ní. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

Ẹni tó bá dàgbà lọ́dọ̀ wa mọ ohùn yẹn. A kì í sọ ọ̀rọ̀ òkú fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Wọ́n á ní ara ẹni náà kò yá díẹ̀, wọ́n á ní ó wà, wọ́n á ní kó o máa bọ̀, kí o má baà ṣubú lórí ọ̀kadà. Mo pe àbúrò mi, kò gbé e. Mo pe ìyá wa, fóònù rẹ̀ wà ní pípa, ṣùgbọ́n ìyẹn kò jẹ́ nǹkan tuntun. Mo fi kíláàsì sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, mo wọ ọ̀kadà, mo sì sunkún láti ẹnu ìlú Ìlọ́fà lọ. Ọlọ́kadà náà kò bi mí ní nǹkan kan, ńṣe ló rọra ń gùn ún.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Níbi kan tí títì ti bàjẹ́ gan-an, mo rí ipa táyà nínú ẹrẹ̀ níbi tí ọkọ̀ kan ti yà fún kòtò. Ó fẹ̀ ju ti ọkọ̀ tí a mọ̀ lọ, eyín rẹ̀ sì jinlẹ̀, ó hàn ketekete. Ọmọ bàbá mi ni mí, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta ni. Ó ti rà á. Ọkàn mi bàjẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí mo rò pé ó rà á kó lè bá ìyá wa nílé, òkú rẹ̀ ló sì wá bá.

Nígbà tí a dé iwájú ilé wa, àwọn èèyàn ti kún ibẹ̀. Àwọn obìnrin jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n káwọ́ lérí. Àwọn ọkùnrin dúró sábẹ́ òrùlé, wọ́n ń fi ohùn wẹ́lẹ́ sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ eré náà wà láàárín wọn, ẹrẹ̀ ti bò ó dé fèrèsé. N kò kí ẹnikẹ́ni. Mo gba àárín wọn kọjá, mo la ilé já sí ẹ̀yìnkùlé.

Àbúrò mi jókòó sórí àpótí, abọ́ iyán wà lórí itan rẹ̀. Ìyá wa jókòó ní iwájú rẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò ó bó ṣe ń jẹun.

"Àn ti parí ulé-ìwé ni?" ó bi mí, bóyá wọ́n ti jáde ni mo ṣe tètè dé.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àbúrò mi ní kí n má bínú, ó ní òun ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ ṣáájú bí ọkọ̀ bá tún lọ dá sílẹ̀. Mo gbá a lẹ́yìn, mo tún gbá a, lẹ́yìn náà mo dì mọ́ ọn pẹ̀lú ọwọ́ ọbẹ̀ rẹ̀. Inú mi dùn débi pé ó ń dùn mí láyà.

"Ìyá, kí ni gbogbo àwọn tó wà níta yẹn ń ṣe?"

"Àn wá wo mọ́tò ọmọ mi," ó ní. "Mo ti fún wọn lí omi mu."

Mo wojú àbúrò mi, ó wojú mi. Ọmọ Abuja dé ní Ọjọ́rú lásán, láàárín ọ̀sẹ̀. Gbogbo àdúgbò ti gbà pé òkú ló wá túfọ̀. Wọ́n wá, wọ́n jókòó, wọ́n sì ń fi sùúrù dúró títí wọn yóò fi gbọ́ ẹni tó kú, nítorí ẹnìkan kì í béèrè irú rẹ̀. Ìyá wa bu omi tútù fún wọn, wọ́n sì fi ìbànújẹ́ mu ún.

Ó dìde, ó jáde sí wọn, àwa méjèèjì tẹ̀ lé e. Alájà ni kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó di ọwọ́ ìyá wa mú.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, yèsí ó kú?"

"Lí ibo?"

"Ọmọ yín wá ulé."

Ìyá wa wo ojú gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá yé e. "Ẹnìkan ò kú," ó ní. "Ó wá jẹ uyán ni."

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin, ó sì ràn. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè wọn wé. Kí á tó ṣẹ́jú, àwọn ọkùnrin ti yí ọkọ̀ ká, wọ́n ń fi ọwọ́ kan táyà, wọ́n ń jiyàn bóyá ó ga tó. Àbúrò mi sì ń ṣàlàyé ríìmù àti bíréèkì fún wọn, ojú rẹ̀ ń dán.

Alájà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wá bá mi níbi tí mo dúró sí, fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tíṣà, táyà tó rà yẹn, kí ni àn ń pè é? Bá mi sọ ọ́ sínú fóònù yìí fún ọmọ mi."

Mo mọ ọkọ̀ ọmọ rẹ̀. Jíìpù gíga ni, táyà rẹ̀ ga dé orókún èèyàn, kò sì sí kòtò kan láti Èkó dé Osi tó lè dá a dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ àbúrò mi, mo fi ìka nu ẹrẹ̀ kúrò lára táyà, mo sì ń kà á sókè, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀. Alájà di fóònù mú gírígírí níwájú ẹnu mi kí ọmọ rẹ̀ lè gbọ́ gbogbo rẹ̀.